Àtàńpàkò Dókítà Ọlábánjọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, torí ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bíi ti àtijọ́. Ìtàn ìka kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín, ìka tí kò tóbi ju èyí tí ẹ fi ń bó ọsàn lọ. Kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sí ọba, kò sí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, àti obìnrin kan tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, àti ẹnì kẹta tó sùn gbalaja sáàárín àwọn méjèèjì, tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ fara balẹ̀, mo ṣèlérí pé ẹ kò ní sùn kí n tó parí rẹ̀.

Calgary ló ti ṣẹlẹ̀, ní Canada, ní ọdún 2016. Epo rọ̀bì ló sọ ìlú yẹn di ńlá, epo rọ̀bì náà ló sì fẹ́ sọ ọ́ di kékeré padà. Nígbà tí epo di ọ̀pọ̀ káàkiri ayé, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da èèyàn síta bí ẹni ń gbọn àkísà. Ẹ óò rí ọkùnrin tó múra dáadáa, tó gbé páálí dání ní ibùdókọ̀ train, fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ nínú páálí náà, tí kò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà wọlé lágogo mọ́kànlá àárọ̀.

Dókítà Ọlábánjọ kò gbé páálí ní tirẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ni, ní ọsibítù kan ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà, níbi tí ó ti ń la ikùn àwọn èèyàn, tó ń yọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, tó sì ń rán wọn padà. Ọmọ Ẹdẹ ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ní Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá Dókítà ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀, Oyèníkẹ́, ẹnjiníà ni. Ó gbé páálí tirẹ̀ wálé ní Ọjọ́bọ̀ kan, òun àti igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà ni Ọlábánjọ ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá nà sí i. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn, ọsibítù kò sì gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀, nítorí ìjọba náà ti ń fún sòkòtò mọ́ ìdí. Ọlábánjọ ní kò burú, òun yóò ṣe tirẹ̀ mọ́ tòun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, ó ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bọ́tìnì náà kò wọlé. Ó wolẹ̀, ó rí i pé àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n kò mọ aṣọ náà lára. Bí ẹni pé àtàńpàkò ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òtútù ni. Snow ti ga dé orókun níta lọ́jọ́ náà, èèyàn sì lè di ẹ̀bi ru òtútù.

Ṣùgbọ́n dókítà ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi mọ̀ pé kì í ṣe òtútù. Ọrùn ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi tẹ orí ba lórí ikùn àwọn èèyàn, bí àgbẹ̀ tó ń roko ebè. Àgbẹ̀ a máa nàró, a mu omi, a wo ojú ọ̀run. Ẹni tí ikùn èèyàn ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kò ní ibòji tí yóò sá lọ. Egungun ọrùn rẹ̀ ti tẹ iṣan tó ń mú ọ̀rọ̀ wá láti ìka lọ sí ọpọlọ. Bí aláìsàn bá sọ irú ẹ̀ fún un, ó máa ní kó lọ ya fọ́tò ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro láti mọ̀. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́ jáde ni wọn yóò gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ orúkọ tí yóò máa jẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Serifat.

Nọ́ọ̀sì ni Serifat, ọmọ Ìwó. Òun ló máa ń dúró ti Ọlábánjọ ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, tó ń na irin iṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tó dé Calgary ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, Ọlábánjọ àti Oyèníkẹ́ ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́wọ́. Basement wọn, yàrá abẹ́ ilé, ló gbé fún oṣù mẹ́jọ, títí ó fi yege ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì, tó sì gba ilé tirẹ̀ sí àdúgbò Penbrooke Meadows. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọlábánjọ ló gbé e sókè tó pè é ní Tiwalọlá. Ní ilé, ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ní tíátà, “Doctor” ló ń pè é bíi ti gbogbo ayé.

Ní February, irin tí wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú bọ́ lọ́wọ́ Ọlábánjọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń yọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó tún bọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ló ti kíyè sí i pé irin ń dé ọwọ́ òun lọ́nà mìíràn. Serifat kì í tì í sí i níka mọ́. Ó ń gbé e jinlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò sì dì í mú níbẹ̀ díẹ̀, títí ìka mẹ́rin tó kù yóò fi gbá a mú. Kò sọ nǹkan kan. Òun náà kò sọ nǹkan kan. Ó dà bí ọmọ tó ń fa baba rẹ̀ afọ́jú gba àárín ọjà, tó ń ṣe bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ọlábánjọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú, inú sì ń bí i sí i, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nìyẹn títí di oṣù March, nígbà tí Ìsmáílà dé.

Wẹ́dà ni Ìsmáílà, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́jọ jó irin ní sáìtì epo ní àríwá, kí wọ́n tó dá a dúró. Àdúgbò Forest Lawn ló ń gbé. Ó ti gbé ìrora ikùn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní àròkàn ni, títí ibà fi gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, àpò òróòro rẹ̀ ti wú, ó ti fẹ́ bẹ́. Wọ́n ní ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, yíyọ ni.

Ọlábánjọ lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Ìsmáílà ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde.

“Dùbúlẹ̀, dùbúlẹ̀. Ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é?”

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọlábánjọ rí i, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sí i. “Dókítà Lorna wà níbí, oníṣẹ́ abẹ bíi tèmi ni. Obìnrin náà dáńtọ́ gan-an ni.”

“Lorna wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi fún Lorna kankan. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi, ọ̀gá mi ní, ‘Sorry, Ismael, buddy.’ Ismael! Ọdún mẹ́jọ! Ẹni tí kò lè pe orúkọ mi kò ní là mí níkùn.”

Ọlábánjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, kò mọ bí yóò ṣe sọ òótọ́ mọ́. Ó gbá Ìsmáílà léjìká, ó ní, “Ó dáa. Èmi ni mà á ṣe é.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Ẹ mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fọ ọwọ́ bí àwa ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á láti èékánná dé ìgúnpá, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Serifat wá dúró síbi omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orókun rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

“Káàárọ̀. Tiwalọlá ńkọ́?”

“Ó wà ní daycare. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi.”

“Kí lo ṣe?”

“Mi ò tíì ṣe é sà.” Ó gbé ojú sílẹ̀. “Ẹ wo ọwọ́ yín.”

Ọlábánjọ wò ó. Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì bó awọ ara lẹ́bàá èékánná àtàńpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bá omi lọ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

“Mà á wọ ìbọ̀wọ́ méjì,” ló wí.

“Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ.”

“O ti di dókítà nìyẹn? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń yẹ oníṣẹ́ abẹ wò báyìí.”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n.”

“Àbí o fẹ́ kí n lọ jókòó ti Oyèníkẹ́ nílé, kí àwa méjèèjì máa wo ara wa lójú bí àwòrán?”

“Mo fẹ́ kí ọkùnrin tó wà nínú lọ́hùn-ún jí ni.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó pa omi. Serifat kò tíì lọ. Ó ní, “Wọ́n máa bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Bí wọ́n bá bi èmi ńkọ́?”

“Sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ,” ni Ọlábánjọ wí, pẹ̀lú irú ohùn tí àgbà fi ń sọ fún ọmọdé pé kó fọwọ́ kan iná wò.

Ó wọlé.

Àṣà kan wà ní tíátà wọn. Kí abẹ tó kan ẹnikẹ́ni, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Oníkálukú á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè bóyá ara ń fu ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kékeré lè dá dókítà àgbà dúró níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a wí. Nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Ìsmáílà ti sùn. Ẹ̀rọ ń mí fún un. Dókítà Gwen, obìnrin tó fún un lóògùn oorun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Gwen. Oorun àti èémí ló wà lọ́wọ́ mi.”

“Russell, kámẹ́rà.” Dókítà arúgbó kan nìyẹn, tó máa ń bá wọn di kámẹ́rà mú nínú ikùn.

“Ọlábánjọ, oníṣẹ́ abẹ.”

“Serifat, nọ́ọ̀sì.”

“Ǹjẹ́ ohun kan wà tó ń kọ ẹnikẹ́ni lóminú?” ni Gwen béèrè.

Ẹ̀rọ mí sínú, ó mí síta. Ọlábánjọ ń wo ìbòmú Serifat. Aṣọ náà mì, bí ẹni pé ẹnu là lábẹ́ rẹ̀, ó sì tún pa dé.

“Kò sí,” ni Serifat wí.

Ó yẹ kí ara tu Ọlábánjọ. Ara kò tù ú. Ó mọ̀ pé òun ti gbára lé e. Láti ìgbà tó ti sọ pé kó sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ ló ti mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Èwo nínú ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìwó ni yóò dúró láàárín àlejò, tí yóò ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ti kú? Ó wo gbogbo yàrá náà. Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́.

Ó na ọwọ́. Serifat gbé abẹ jinlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dì í mú níbẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ikùn ni wọ́n là. Ihò mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n lu, kámẹ́rà wọ ọ̀kan, irin gígùn wọ àwọn yòókù, gbogbo wọn sì ń wo inú ikùn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àpò òróòro náà ti dúdú, ó le, ó wú bí ìgbá tó rà sórí ilẹ̀. Fún ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí ìka kò sọ fún Ọlábánjọ, ojú rẹ̀ ń sọ fún un. Òógùn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bó ẹran tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn, títí ó fi dé ibi iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí kò tó okùn bàtà.

Iṣan yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi klíìpù dè kí wọ́n tó gé e. Àtàńpàkò ló ń fún ẹnu irin tó gbé klíìpù náà pa. Ọlábánjọ fún un. Ó dá a lójú pé ó ti pa dé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu irin náà ṣì là sílẹ̀ dé ìdajì.

Ó tún fún un. Kò mọ bí agbára tó fi sí i ṣe pọ̀ tó. Irin náà ta yọ.

Ẹ̀jẹ̀ kán lẹ́ẹ̀kan, bí epo pupa tó kán sórí aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ló tàn, gbogbo tẹlifíṣọ̀n sì pọ́n.

“Ṣé kò sí o?” ni Gwen béèrè láti ibi orí aláìsàn.

“Kò sí.” Ó ti òwú wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà fà sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. “Klíìpù.”

Nǹkan kan kò dé ọwọ́ rẹ̀.

“Klíìpù.”

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò dá dúró lófìfo rí. Ó yí ojú padà. Klíìpù náà wà lọ́wọ́ Serifat, kò sì na án. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ló nà, ó fi gbá Ọlábánjọ mú ní ọrùn ọwọ́ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni ń di àgbàlagbà mú kó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fi màmá yín bẹ̀ yín. Ó tó. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì.”

Russell gbé orí sókè. Gwen ní, “Kí ló sọ?”

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ Ìwó yẹn ṣe. Àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ Yorùbá nínú yàrá náà. Èdè yẹn ni ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ pa dé kó tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Kò tú aṣọ lára rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ló kó lé Ọlábánjọ lọ́wọ́, kó lọ ṣe é bó bá ṣe wù ú. Bí ó bá ní klíìpù ló kù díẹ̀ kó tán, Gwen á gbà á gbọ́. Bí ó bá ní àdúrà ló ń gbà, wọ́n á gbà á gbọ́. Serifat kò ní já a nírọ́. Yóò na klíìpù náà sí i, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Irọ́ mẹ́rin, márùn-ún ló wà lẹ́nu Ọlábánjọ, gbogbo wọn ló tẹ́jú.

Ó wo ojú Serifat lókè ìbòmú. Omi kún un. Kò halẹ̀ mọ́ ọn rárá, ṣe ló ń bẹ̀ ẹ́.

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Pupa ti ń yọ padà lábẹ́ òwú.

“Ó ní kí n dáwọ́ dúró,” ni Ọlábánjọ wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn rẹ̀ jọ ọ́ létí bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. “Òótọ́ ló sọ. Àtàńpàkò mi ti kú láti January. Ẹ pe Lorna.”

Kò sẹ́ni tó mira.

“Ẹ pe Lorna!”

Lorna wà ní tíátà kejì, ó ń rán ìpákè ẹnì kan lọ́wọ́. Wọ́n ní yóò dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọwọ́ òsì Ọlábánjọ ṣì ní ìmọ̀lára. Ó gbé irin sí i, ó tẹ òwú náà mọ́ ojú ẹ̀jẹ̀, ó sì dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé nìyẹn, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, iṣan á ya. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú.

“Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀,” ni Gwen wí. Ó ń so omi kún omi. “Ó tún wálẹ̀.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èjìká Ọlábánjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí iná. Ìrora gba ọrùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìgúnpá, ó ń ta á bí oyin. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Irin náà mì fìrì, gbogbo wọn sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Serifat kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó wá. Ó yí ẹ̀yìn tábìlì, ó fi èjìká rẹ̀ ti ìgúnpá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ bí òpó. Irin náà dákẹ́.

“Ìsmáílà,” ni Ọlábánjọ ń sọ nínú ìbòmú, bí ẹni ń pe ọmọ padà láti etí odò. “Ìsmáílà. Ìsmáílà.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Lorna wọlé, obìnrin kúkúrú, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìbéèrè kan péré ló ní.

“Níbo?”

Ọlábánjọ sọ fún un. Ó sọ ibi tí iṣan náà ti ya, ibi tí ẹran ti lẹ̀ pọ̀ jù, ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Lorna gba irin ọ̀tún, ó gbé klíìpù sí ipò. “Tí mo bá ní kí o fi sílẹ̀, fi sílẹ̀.” Ó mí. “Fi sílẹ̀.”

Ó fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rú. Klíìpù kan. Klíìpù kejì. Pupa náà dúró.

Gwen tú èémí jáde. “Ó ti ń gòkè padà.”

Ọlábánjọ kúrò ní tábìlì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn tó ń kọjá rò pé ó ń sinmi.

Nígbà tí wọ́n rán Ìsmáílà tán, Serifat jáde wá bá a. Báyìí tí kò sí aṣọ tíátà lára rẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

“Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n.”

“Dìde. Jọ̀ọ́, dìde. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bi ọ́?”

“Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti la ẹnu. Ní èdè wọn, ṣe ló dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi yín sùn lọ́lọ́pàá.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Kí n tó rí bí mà á ṣe sọ ọ́, ẹ ti gé ọkùnrin náà.”

“Àwa méjèèjì la gé e,” ni Ọlábánjọ wí. Lẹ́yìn náà ló mi orí. “Rárá. Èmi ni.”

Aago méjì ọ̀sán ló wọlé. Oyèníkẹ́ wà nídìí tábìlì, ó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó wo aago, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Bánjọ, wọ́n ti lé ìwọ náà?”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró.

“Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá mi dúró,” ni Oyèníkẹ́ wí. “Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni mo sọ fún ọ. Bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi. O fi tìẹ pamọ́ fún mi láti January?”

“Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan dúró nínú ilé yìí.”

“Ta ló ní kí o dúró? Ṣé mo ní kí o dúró? Kí o sùn ni mò ń sọ lójoojúmọ́!” Ó ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbé ọwọ́ náà wá.”

Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Oyèníkẹ́ fún àtàńpàkò náà, ó ń wo ojú rẹ̀, ó tún fún un títí èékánná rẹ̀ fi wọlé. Ojú Ọlábánjọ kò yí padà. Ìyàwó rẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlábánjọ lọ bá Ìsmáílà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Ìsmáílà ti rí i tó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Dókítà mi! Ọwọ́ yín mọ́! Ẹ wò ó, mo ti mu omi!”

“Ìsmáílà, kì í ṣe èmi ni mo parí ẹ̀.”

Ó jókòó, ó sì rò ó láti orí dé ìdí. Kò fi ibi tí irin ti ta yọ pamọ́. Ọwọ́ Ìsmáílà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Lorna?”

“Lorna.”

Ìsmáílà wo ojú fèrèsé, ibi tí snow ti ń yọ́. “Ẹ ti mọ̀, kí ẹ tó wọlé.”

“Mo mọ̀.”

“Mo ní ọwọ́ yín ni mo fẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ sì jẹ́ kí n sùn.”

Ọlábánjọ dìde lórí àga.

“Ẹ máa lọ ná, ẹ̀gbọ́n,” ni Ìsmáílà wí. “Mò ń bínú, ojú abẹ sì ń dùn mí. Mi ò lè gbé méjèèjì pọ̀.”

Ọsibítù pe Ọlábánjọ, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n bi í ní ìbéèrè. Wọ́n bi ara wọn náà ní tiwọn, torí àwọn ló fi iṣẹ́ èèyàn méjì lé ọrùn ẹnì kan láìbéèrè bí ọrùn náà ṣe rí. Ní oṣù May, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọrùn. Ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tó ti máa ń dúró tì, Gwen ló sì fún un lóògùn oorun. Nígbà tó di September, ìmọ̀lára ti padà sí àtàńpàkò náà dé ìdajì. Dókítà iṣan ní ó lè máa ṣe iṣẹ́ abẹ kéékèèké, bó bá fẹ́. Gbogbo èèyàn ń retí pé kó ní òun fẹ́.

Ó gba ọ̀sẹ̀ kan láti rò ó. Ó wá lọ bá Lorna ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ìdajì kò tó láti fi wọ inú èèyàn. Láti ìgbà náà, yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ ikùn àwọn èèyàn, tó ń sọ ẹni tó nílò abẹ àti ẹni tí kò nílò rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nígbà tó bá gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí wọ́n ń tì lọ sí tíátà. Á dìde, á ti ilẹ̀kùn, á sì pe ẹni tó kàn. Ìsmáílà kò wá rí i mọ́. Ọ̀dọ̀ Lorna ló ń lọ.

Nígbà tí Ìyá Dókítà kú ní Ẹdẹ, Oyèníkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ wá sin ín. Lẹ́yìn tí èrò ti túká, Oyèníkẹ́ jókòó ti Fàósátù, àbúrò mi obìnrin, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí Ọlábánjọ ṣe sọ ọ́ fún òun. Ẹnu Fàósátù ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, òun ni kí ẹ lọ bi.